Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kí n tó ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣé kí n gbà?

Àbẹ̀kẹ́_MD

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ìbínú ṣe ohun tí màá padà kábàámọ̀, ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ wá síbí.

Oṣù kọkànlá rèé tí mo dé Maryland. Ọkọ mi ló ṣe ìwé fún mi, green card mi ti jáde. NCE ni mo gbà nílé, mo sì fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níwèé nílùú Ọ̀yọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ́ wọn o! Nọ́ọ̀sì ló wù mí láti ṣe. Mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí wa. Fọ́ọ̀mù wọn béèrè pé èdè wo ni mo kọ́kọ́ sọ nílé, mo kọ Yorùbá sí i. Bí wọ́n ṣe ní kí n lọ ṣe ìdánwò ESL nìyẹn, ìyẹn tàwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn.

Ìwé kíkà, kò sí wàhálà. Gírámà, mo ṣe é bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Ìgbà tó kan gbígbọ́, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, akẹ́kọ̀ọ́ méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀kan ní òun fẹ́ fọ aṣọ ṣùgbọ́n òun ò ní "quarters". Wọ́n wá bi mí pé kí ni ìṣòro ọmọ náà. Èmi tí mo ti mọ bọ́ìsì kọ́tà láti kékeré, mo tẹ ìdáhùn tó sọ pé kò ríbi gbé. Ilé ni ọkọ mi ti ń sọ fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni fẹ́ kú, pé owó ẹyọ ni, sẹ́ǹtì 25, òun ni wọ́n ń jù sẹ́nu ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Èsì jáde: ìpele kẹta nínú márùn-ún. Ìyẹn ni pé ó di sẹ̀mẹ́sítà mẹ́ta kí n tó fojú kan English 101, kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì; láìsí English 101, wọn ò sì ní gbà mí sí nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 34 ni mí. Ṣé kí n gbà ni, àbí kí n bá wọn fà á? Ta ló máa san owó rẹ̀? Wọ́n tún ní ọ̀fẹ́ kan wà, ṣé òótọ́ ni?

Bàbá_Ìbejì

Má gbà o, àbúrò. Gẹ̀ẹ́sì nìjọba Nàìjíríà ń lò, òun la fi ṣe WAEC, òun la fi ka gbogbo ìwé tá a kà. Àṣìṣe tó o ṣe ò ju fọ́ọ̀mù yẹn lọ. Ká ní o kọ English síbẹ̀ ni, wọn ò bá má wojú rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì míì, kọ English. Wọ́n kàn fẹ́ jẹ owó yín ni.

Tíṣà_Chicago

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́. Ẹni tó bá fi irọ́ wọ English 101, àròkọ àkọ́kọ́ ló máa tú àṣírí ẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń da àwọn èèyàn wa lọ́kàn rú jù ni pé ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo, méjì nínú wọn sì ń jẹ́ ESL.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀kọ́ àgbà. Kò ní kírẹ́díìtì, ọ̀fẹ́ ni tàbí owó táṣẹ́rẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ló ń bá wọn gbé apá kan nínú owó ẹ̀ lábẹ́ òfin 2014 kan tí wọ́n ń pè ní WIOA. Níbí ní Chicago, City Colleges ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. CASAS tàbí BEST Plus ni wọ́n sábà fi ń dán èèyàn wò. Ti BEST Plus, ẹnu ni, ẹnì kan á jókòó síwájú yín, á máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ lẹ ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé ara ríro fún dókítà, bí wọ́n ṣe ń ka lẹ́tà onílé, bí wọ́n ṣe ń pe ilé-ìwé ọmọ lórí fóònù. Ó dára gan-an, àmọ́ kì í ṣe ọ̀nà tààrà sí nọ́ọ̀sì.

Èkejì ni ESL ti kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra ẹ̀, èyí tẹ́ ẹ máa sanwó fún bí kọ́ọ̀sì yòókù. Àròkọ, ìwé gígùn kíkà, kíkọ ohun tí olùkọ́ ń sọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n fi yín sí. Ẹ̀kẹta ni English 101 tí gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà náà ń ṣe.

Ohun tẹ́ ẹ máa lọ béèrè nìyí: ṣé mo lè tún ìdánwò yẹn ṣe? Ṣé ẹnì kan lè ka àròkọ tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ? Gbígbọ́ ló gbé yín ṣubú, kì í ṣe kíkọ. Olùkọ́ tó bá rí i bẹ́ẹ̀ lè gbé yín sókè, mo ti ṣe é fún àìmọye èèyàn.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú ìjókòó o. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín bí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ṣe ń bínú sí ESL. Èmi, Faransé ni mo fi kàwé ní Benin, láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́. Ọjọ́ tí mo dé Bronx, "good morning" àti "thank you" ni gbogbo ohun tó wà lẹ́nu mi.

CUNY, yunifásítì ìlú New York, gbà mí wọlé, wọ́n wá ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe CLIP, ètò tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Láti 1995 ló ti wà. Wákàtí 25 lọ́sẹ̀, márùn-ún lóòjọ́, Mọ́ńdè sí Fúráídè. Owó kékeré ni, kò sì fọwọ́ kan ìrànwọ́ owó ìjọba mi rárá, torí ẹ̀, digbí ni mo bá a nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ojúlówó kọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè bóyá tiyín náà ní irú ẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ló bá mi fínra jù. "He" àti "she" ni. Yorùbá ní "ó", ó parí. Mo gbọ́ Faransé o, "il" àti "elle" wà nínú ẹ̀, àmọ́ tí mo bá ti ń yára, "ó" ti ìyá mi ni ọkàn mi ń kọ́kọ́ mú. Mo dìde ní kíláàsì láti ròyìn ìyàwó mi, mo ní "he is pregnant". Ará Dominican kan tó jókòó tì mí ló wá ń bá mi ṣọ́ ẹnu. Tí mo bá ti sọ ọ́ sódì, á na ìka kan sókè, kò ní sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi na ìka yẹn.

Dèjì_ATL

Ọ̀fẹ́ yẹn dára o. Ìwé yòówù kéèyàn ní, wọ́n á gbà á. Àbúrò mi ń bọ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó lọ kí owó má bàa pọ̀ jù.

Tíṣà_Chicago

Rárá o, Dèjì! Dá a dúró. Òfin ò gba ẹni tó wà lórí F-1 láyè láti ṣe ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọba ń gbé owó ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fún un ní I-20, ìwé tó fi gba físà yẹn, ni kó lọ, kó sanwó, kí kọ́ọ̀sì ẹ̀ sì pé. Ẹni tó bá sì wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, B-2, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé kankan àfi tó bá kọ́kọ́ yí físà náà padà. Àbẹ̀kẹ́ ní green card, tiẹ̀ yàtọ̀.

Dèjì_ATL

Háà! Ẹ ṣé gan-an, mà. Díẹ̀ ló kù kí n ti ọmọ ìyá mi sí kòtò.

Nọ́ọ̀sì_Houston

Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ohun tí Bàbá Ìbejì ní kẹ́ ẹ ṣe gan-an ni mo ṣe.

2013 ni mo dé, HND lọ́wọ́, ìgbéraga lórí. Mo kọ English sí fọ́ọ̀mù, ìdánwò ìwọlé ò mú mi, mo wọ ENGL 1301, ohun tí Texas ń pe English 101 nìyẹn. Àròkọ àkọ́kọ́, ojú ìwé mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé: "In this modern world of today". Mo fi òwe kan tì í lẹ́yìn. Mo rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, mo tún rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì ni mo tó là á mọ́lẹ̀, bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìwé padà dé, D. Olùkọ́ náà fi bírò aláwọ̀ ewé yí gbólóhùn ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì yẹn po. Ní orí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ó ya ọfà kan, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé "Start here, see p. 2". Gbogbo ohun tó wà láàárín, ó fa ìlà kan ṣoṣo gbà á kọjá látòkè délẹ̀. Òwe mi bá a lọ.

Mo ṣì ní ìwé yẹn nínú àpótí.

Mo já kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ lágbedeméjì, W wọ inú ìwé èsì mi, owó ò padà. Sẹ̀mẹ́sítà tó tẹ̀ lé e, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ESL, ìpele tó kẹ́yìn. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì burúkú, Gẹ̀ẹ́sì ibòmíì ni. Mo kọ ọ́ sínú àròkọ kan pé "I called my mother and they said they are not coming again". Olùkọ́ bi mí pé àwọn wo? Màmá mi nìkan ni mò ń bọ̀wọ̀ fún! Ti "again" yẹn náà, ó rò pé màmá ti wá nígbà kan rí.

Ẹ jẹ́ ká tún wá sórí ẹnu. Nígbà tí mo ń ṣe CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo lọ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé ìyá tó wà ní yàrá kejìlá "is leaving", pé wọ́n ti wá mú un lọ sílé. Lẹ́nu mi, "living" ló jáde. Ó wò mí títí, ó ní òun mọ̀ pé ìyá ò tíì kú. Ẹ fi etí sí méjèèjì dáadáa, lẹ́nu Yorùbá ọ̀kan náà ni wọ́n. "Chair" àti "share" náà ń bẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ ará Ìbàdàn bí èmi, "s" àti "sh" ń dúró dè yín ní kọ̀rọ̀.

Ní ti owó, FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè ìrànwọ́ owó ìjọba, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kún, green card tó fún un. Owó orí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò, nítorí náà ẹ kó ìwé owó orí ọkọ yín sítòsí. Pell, ìyẹn ẹ̀bùn owó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, tó pọ̀ jù fún 2025–26 jẹ́ 7,395 dọ́là lọ́dún, kì í ṣe gbèsè. Àmọ́ kò lọ títí ayé. Sẹ̀mẹ́sítà 12 téèyàn ṣe ní kíkún ló mọ. ESL tó ní kírẹ́díìtì máa bù nínú ẹ̀, ẹ ó sì nílò ìyókù tẹ́ ẹ bá fẹ́ BSN, ìyẹn dígírì nọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí wọ́n gbé yín sókè ju kẹ́ ẹ fi sẹ̀mẹ́sítà mẹ́ta ṣe ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe ESL o. Mo ní kẹ́ ẹ ṣe èyí tẹ́ ẹ nílò.

Bàbá_Ìbejì

Nọ́ọ̀sì, mo gba ìbáwí. Àmọ́ ẹ fi kún un fún wọn pé ìjọba ò ní sanwó ju kírẹ́díìtì 30 lọ lórí ESL. Wọ́n ṣe é fún ìyàwó mi.

Tíṣà_Chicago

30 yẹn, kọ́ọ̀sì àtúnṣe ni wọ́n ń kà, bí ìṣirò fún ẹni tí kò tíì tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. ESL ò sí nínú ìkà yẹn. Ẹ bi ìyàwó yín dáadáa kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi wọ́n sí. Àwọn kíláàsì ọ̀fẹ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ńkọ́, Pell ò dé ibẹ̀ rárá, wọn ò sì nílò ẹ̀.

Bàbá_Ìbejì

Wọ́n ní ìṣirò ni. Wọ́n tún ní kí n kúrò lórí fóònù.

Ṣadé_Brooklyn

Ẹ dákun, mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ díẹ̀. Màmá mi dé lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún 63. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Gbági, wọn ò kàwé, àmọ́ wọ́n lè ṣírò owó ju kọ̀ǹpútà lọ. Mo mú wọn lọ sí ESL ọ̀fẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Kí ló dé? Olùkọ́, ọmọkùnrin tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ló pe orúkọ wọn gán-án. "Ràfátù!" Ẹni tí ọmọ-ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Ọmọ_Kétu

Ẹ lọ bá olùkọ́ náà kó tó di pé kíláàsì bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un kó pè wọ́n ní "Mama". Inú wọn máa ń dùn láti ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni. Àwọn ilé ìkàwé níbí náà ní kíláàsì, èyí tó wà fún ẹni tí kò mọ̀wé kà lédè kankan sì yàtọ̀ sí èyí tó wà fún ẹni bí èmi. Ẹ rí i pé èyí tó yẹ ni wọ́n fi wọ́n sí, torí lẹ́tà A, B, C ni wọ́n máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà_Chicago

Òótọ́ ni. Ṣadé, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ onílùú dẹ́rù ba màmá. Ẹni tó ti pé ẹni ọdún 55, tí green card ẹ̀ ti pé ọdún 15, kò ní ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n á fi dáhùn ìbéèrè nípa Amẹ́ríkà, ògbufọ̀ á wà níbẹ̀. Tẹni 50 tó ti ní i fún ọdún 20 náà bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣì jìnnà sí wọn, kí wọ́n máa kọ́ ti ọjà àti ti dókítà lọ ná.

Ṣadé_Brooklyn

Mo ti bá olùkọ́ sọ ọ́. "Mama Rafatu" ló ń pè wọ́n báyìí. Wọ́n ti padà, wọ́n sì ti rí ọ̀rẹ́, ìyá kan láti Haiti. Wọn ò gbédè ara wọn, àmọ́ gbogbo Sátidé ni wọ́n jọ ń lọ ra ẹja.

Àbẹ̀kẹ́_MD

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Ẹ má bínú pé ó tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo lọ. Ẹni tó wà lórí káńtà ní kò ṣeé ṣe, pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ labẹ gé. Mo ní mo fẹ́ rí ọ̀gá ẹ̀ka ESL. Mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì kí obìnrin náà tó dé. Ó wo èsì mi, ó ní òótọ́ ni, gbígbọ́ ló fà mí sẹ́yìn. Ó fún mi ní ìwé àti ìṣẹ́jú 45: kọ nípa ohun kan tó yẹ kó yí padà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ mi ti fẹ́ kọ "In this modern world". Mo rántí bírò aláwọ̀ ewé ti Nọ́ọ̀sì, mo pa á rẹ́. Mo kọ "A class of seventy children is not a class". Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ròyìn kíláàsì mi ní Ọ̀yọ́, ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan, bí mo ṣe máa ń mọ orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn nígbà tí ọdún bá ti fẹ́ parí. Ó kà á lójú mi. Ó fa ìlà sábẹ́ "on the other hand" tí mo lò níbi tí kò ti yẹ, ó sì gbé mi lọ sí ìpele karùn-ún. Sẹ̀mẹ́sítà kan péré, mo sì lè máa ṣe kọ́ọ̀sì ìṣirò pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní kí n máa gbọ́ rédíò tí mo bá ń dáná, kí n sì máa sọ ohun tí mo bá gbọ́ jáde. Ọkọ mi rò pé mo ti ń bá èṣù sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì.

FAFSA ti wọlé, mò ń retí èsì.

Ohun tó kù rèé: Mọ́ńdè àti Wẹ́sìdeè ni kíláàsì, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ ààbọ̀. Iṣẹ́ òru lọkọ mi ń ṣe, òun ló ń gbé mọ́tò lọ, bọ́ọ̀sì tó máa gbé mi padà sì máa ń pẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé. Ta ló ń gba ìhà Laurel kọjá nírú àkókò yẹn?

Bàbá_Ìbejì

Laurel ni mò ń gbé. Bó bá jẹ́ ọgbà tí mo rò ni, ibẹ̀ nìyàwó mi ti ń ṣe ìṣirò yẹn ní Mọ́ńdè, èmi ni mo sì ń lọ mú wọn. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí wọn ní ìkọ̀kọ̀, mo ti sọ fún wọn. Ti Wẹ́sìdeè, ẹ bá wa wá ẹlòmíì.